Ẹlẹ́rìí Tí Kì Í Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Awọnlẹ̀ ní Ìlú Èkó

Iṣẹ́ kan ń bẹ tí àwọn ènìyàn máa ń rántí nígbà tí ìjà bá ti dé, tí wọ́n sì máa ń gbàgbé nígbà tí ilé bá tòrò. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo ìgboro mọ̀ sí sọ́féyọ̀. Lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́ kiri, iṣẹ́ yìí náà sì ń wá ọmọ, àwọn méjèèjì kò sì tíì pàdé tó bí ó ti yẹ.

Àwọn baba wa pe ilẹ̀ ní ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, nítorí wọ́n mọ̀ pé orí rẹ̀ ni a bí wa sí, inú rẹ̀ ni a ó sì wọ̀ lọ, àti pé ìjà rẹ̀ kì í sábà parí lójú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, pèrègún ni a fi ń pààlà. Bí bàbá bá rí i pé alẹ́ ń lẹ́ fún òun, a mú àrẹ̀mọ rẹ̀ dé ìdí igi náà, a fi ẹsẹ̀ rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú rẹ̀, a sì wí fún un pé ibi báyìí ni tiwa mọ, ibi báyìí ni ti ará ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà a sì di ẹlẹ́rìí lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ètò yìí tó, ó sì dára, nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa kú, ẹlẹ́rìí a máa gbàgbé, ẹlẹ́rìí mìíràn a sì máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kí ó gbàgbé. Pèrègún pàápàá ṣeé hú lóru kí a sì gbìn ín sí iwájú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí ni pé ẹ̀rí ni awọnlẹ̀ ń tà. Ó ń jẹ́rìí sí ibi tí ilẹ̀ gbé wà àti bí ó ti tóbi tó, lọ́nà tí àjèjì tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì bá a lókè eèpẹ̀, fi lè padà wá sí ojú ibẹ̀ ní 50 ọdún sí i kí ó sì rí igun kan náà.

Kò sí ibi tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti ṣe kókó tó erékùṣù Èkó. Ẹni tí ó bá ti Ẹnu Ọ̀wá, ní ẹ̀bá Ìgá Ìdúngànran tí í ṣe ààfin ọba wa, rìn dé Ìdúmàgbò, kí ó gba Ọ̀fìn kọjá lọ sí ìhà Èbúté Èrò, yóò rí i pé ògiri ilé kan ni ògiri ilé kejì, pé òrùlé ń fẹnu kan òrùlé, àti pé ọ̀nà tí ènìyàn méjì kò lè gbà pàdé láìjẹ́ pé ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ rìn ni ọ̀nà àbáwọlé agbo ilé tí wọ́n ti bí ìran mẹ́rin sí. Ní irú ibẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ilẹ̀ tó ìjà, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sì tó ẹjọ́. Lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń ta pulọ́ọ̀tì ní ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 120 lóròó, àṣìṣe àtẹ́lẹwọ́ kan lè má hàn sí ẹni tí ó rà á. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn kọjá yìí, ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá arúgbó kan ni yóò gbé lọ.

Àwọn Òyìnbó tètè mọ iyì ohun tí mo ń sọ yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ adé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ bọ́ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí Ọ̀ṣódì Tápà àti àwọn èrò rẹ̀ tẹ̀dó sí nínú agbo ilé 21 lẹ́yìn tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ padà dé. Ìwé wà lọ́wọ́, ẹ ò rí nǹkan. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni àwọn agbo ilé wọ̀nyẹn kò tán títí ó fi di ẹjọ́ tí wọ́n gbé dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba (Privy Council) ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1930. Láàárín àkókò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni W. T. G. Lawson, igbákejì awọnlẹ̀ ìjọba, ya àwòrán gbogbo ìlú Èkó sórí ìwé ní ọdún 1885, títí dòní sì ni àwọn òpìtàn ń tú àwòrán náà wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ìlú wa ti rí kí a tó dí àwọn ibi tí ọ̀sà gbé wọ inú rẹ̀.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ awọnlẹ̀ ní Èkó tí a kò dárúkọ Herbert Macaulay, Ejò-nígboro, a kò tíì sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni; bàbá rẹ̀ ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama CMS sílẹ̀ ní ọdún 1859. A bí i ní ọdún 1864, ó wọ iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ òde ní ọdún 1881, ní ọdún 1890 ni ìjọba sì rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó padà dé ní ọdún 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ lórí àwọn ilẹ̀ adé ní Èkó. Ọdún márùn-ún péré ni ó ṣe níbẹ̀ kí ó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1898, tí ó sì gba ìwé àṣẹ láti máa dá iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára owó náírà kan. Àwọn tí ó rántí pé okùn ìwọnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi jẹun kò pọ̀. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yìí ni ó là á lójú. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ kan yí ká, tí ó bi àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ léèrè ẹni tí ó fún wọn, kò sí ìwé ìjọba kan tí ó lè purọ́ fún un pé ilẹ̀ náà kò ní olówó tẹ́lẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀ràn Àpápá. Ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan níbẹ̀ lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ó wà níhìn-ín sọ pé ohun tí ó tọ́ sí i kò ju ẹ̀tọ́ olórí tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Olóyè kò gbà. Ní ọdún 1920, òun àti Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣúgbàyí Elékòó lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba dájọ́ pé ti ẹbí àti ará ìlú ni ilẹ̀ náà, pé bí Òyìnbó ti gba Èkó kò pa ẹ̀tọ́ wọn rẹ́, àti pé kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ẹni ń san án fún onílẹ̀ gan-an. Ìdájọ́ yẹn sì ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Kí ọ̀dọ́ tí ń gbọ́ mi má sì ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ o: awọnlẹ̀ kọ́ ni adájọ́. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Awọnlẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ilẹ̀ náà dé. Èyí tí ó bá gbé ìkejì mọ́ èkíní, tí ó ń bá oníbàárà rẹ̀ jà ju bí ó ti ń wọn ilẹ̀ lọ, ti kúrò lórí ìjókòó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ojú iṣẹ́. Awọnlẹ̀ a dé kí oòrùn tó mú. Ọmọ iṣẹ́ kan ru ẹsẹ̀ mẹ́ta, èkejì gbé àpótí ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta mú ọ̀pá dání. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá ni òpó ààlà tí ìwọ̀n rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìjọba tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bíkìn: òpó sìmẹ́ǹtì kúkúrú ni, a rì í mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ni ó yọ, a sì kọ nọ́ńbà sí i lórí. Nígbà mìíràn ìyá aláta ti gbé àtẹ lé e, a ó sì bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ bá wa sún díẹ̀.” Wọn a na ẹsẹ̀ mẹ́ta náà sókè rẹ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu irin wọn wọlẹ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀, awọnlẹ̀ a sì máa yí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ títí gíláàsì olómi kékeré tí ó wà lára rẹ̀ yóò fi sọ pé ó dúró gbọnrangandan, tí ojú rẹ̀ yóò sì máa wo àmì orí òpó náà gan-an láìyẹ̀. Ẹnìkan a lọ na ọ̀pá ró ní igun kejì. Awọnlẹ̀ a fojú sí ẹ̀rọ, a wò ó, a ka iye tí ó rí, a kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò gbọ́dọ̀ fi sórí.

Láti igun dé igun báyìí ni wọn a ṣe rìn yí ilẹ̀ ká títí wọn a fi padà dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà iṣẹ́ yìí sì wà lójú mi. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin, bí a bá ro igun inú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìwọ̀n wọn gbọ́dọ̀ pé dígírì 360. Ẹni tí ó bá sì ṣí láti orí òpó kan, tí ó rìn yí ká, tí ó tún padà dé orí òpó náà, ìṣirò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé òun náà padà dé ojú kan náà. Bí ìṣirò bá gbé e sí ibòmíràn tí ó jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, irọ́ ti wọ inú iṣẹ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Wọn a tún padà sí igun àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ayé mélòó ni ó ń tú àṣìṣe olùṣe rẹ̀ síta fún un báyìí, kí ẹlòmíràn tó rí i? Ọ̀dọ́ tí kò bá lè fara da kí nọ́ńbà já òun nírọ́, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn. Èyí tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, tí ó ń bínú bí ó bá ku ẹyọ kan kí ó pé, ọmọ wa ni.

Àwọn irinṣẹ́ ti yí padà púpọ̀. Ẹ̀wọ̀n irin tí àwọn àgbà ń wọ́ nílẹ̀, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66, tí ó sì ní oríkèé 100, ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Theodolite tí wọ́n ń fojú kà ti gbé ipò sílẹ̀ fún total station tí ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ bí ọ̀nà ti jìn tó, ẹ̀rọ GPS ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn sátẹ́láìtì ojú ọ̀run, dírónù sì ń ya àwòrán ilẹ̀ ńlá láti òkè láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ògiri gíga ti bo ojú ọ̀run, GPS a máa ṣì í gbọ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ojú ènìyàn ni yóò ṣì ṣe é.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí a sọ nípa agbára tí ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń fa ìlà sórí ìwé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní ọdún 1924, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Àjọ yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 láti wó agbo ilé ní àárín erékùṣù wa, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 70, tí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ìlà tààrà ni wọ́n fà sórí ìwé. Abẹ́ ìlà náà ni ojúbọ, ibojì baba àti ìdí àtẹ àwọn ìyá wa wà, ọ̀pọ̀ ẹbí tí ó sì kúrò kò padà wá mọ́. N kò sọ èyí láti bú àwọn awọnlẹ̀ ìgbà náà, nítorí ohun tí a rán wọn ni wọ́n ṣe. Mo sọ ọ́ kí ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí lè mọ̀ pé ẹ̀yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ó ń kọ, ilé ẹnìkan ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ti oúnjẹ, nítorí ẹ̀yin òbí ti ń retí rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, kò sì sí ẹni tí yóò gba ìwé ẹ̀rí ìní, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní C of O, láìkọ́kọ́ ní ìwé sọ́fè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé, ẹni tí ó fẹ́ yá owó ní báǹkì, ẹbí tí ó fẹ́ pín ogún, gbogbo wọn ni ọ̀nà wọn gba ilé awọnlẹ̀ kọjá. Nítorí èyí ni àwọn ayédèrú ṣe pọ̀ lójú pópó, àwọn tí ń lu òǹtẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn mọ́ ìwé tí wọ́n yà sórí kọ̀ǹpútà láìdé orí ilẹ̀ rárá. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Awọnlẹ̀ tí ó bá ṣe é bó ti yẹ a máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀, inú fáìlì ọ̀hún sì ni àṣírí ayédèrú ti ń tú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí ó bá rò pé pulọ́ọ̀tì nìkan ni iṣẹ́ yìí mọ, ìdajì ni ó rí. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta sínú òkun ní ẹnu Èkó kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè máa wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn awọnlẹ̀ orí omi ti ń wọn ìjìnlẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ wá sí Àpápá, àwọn ni wọ́n sì ń ṣọ́ bí òkun ti ń jẹ etíkun Bar Beach láti ọdún dé ọdún. Lórí ibi tí òkun jẹ náà ni wọ́n ń da iyanrìn sí láti ọdún kan sí òmíràn, láti nǹkan bí ọdún 2009 wá, tí ó fi di Eko Atlantic, ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ rí, tí ó jẹ́ pé awọnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ibi tí yóò wà. Afárá Third Mainland tí ó gùn tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tìhín ó sì parí ní ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún. Ta ni ó rí i dájú pé àwọn òpó tí ó wà nínú ọ̀sà tò tí ọ̀nà náà kò fi ṣìnà? Ọkọ̀ ojú irin tí ń ti Marina lọ sí Mile 2 láti ọdún 2023, iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo, ilé iṣẹ́ tí ń la ọ̀nà, àwọn tí ń na wáyà abẹ́ òkun, gbogbo wọn ni ó ń gbà wọ́n síṣẹ́. Erékùṣù wa sì rẹlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ìtẹ́jú ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ wọ̀n ni yóò sọ bóyá omi inú gọ́tà yóò lọ sí ọ̀sà tàbí yóò padà sínú yàrá. Bí òkun bá ń ga sí i, bí àwọn onímọ̀ ti wí, a ó nílò wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà àtiwọ iṣẹ́ náà kò farasin. Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ sì mú fisíìsì àti jíọ́gíráfì mọ́ ọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1908, ní Èkó yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni ó sì wà títí dòní tí ń kọ́ àwọn ọmọ. Yunifásítì Èkó ní Àkọkà ń kọ́ni fún ọdún márùn-ún, Yaba Tech náà ń kọ́ni. Ilé-Ifẹ̀ sì ni ibùdó tí àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń kọ́ bí a ti ń fi àwòrán òfurufú wọn ilẹ̀ láti ọdún 1972. Lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀dọ́ a ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, a sì yege ìdánwò SURCON, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1989 gbé kalẹ̀, kí ó tó lè fi òǹtẹ̀ ara rẹ̀ lu ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọmọbìnrin pé iṣẹ́ ọkùnrin ni; ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tí ń fojú wò ó.

N kò ní fi ìnira rẹ̀ pamọ́. Oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n, àwọn ọmọ onílẹ̀ a máa lé wọn kúrò lójú iṣẹ́ tàbí kí wọ́n hú òpó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì ní ọjọ́ náà gan-an; ẹ̀rọ wọ́n gógó, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń yá a lò fún ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ awọnlẹ̀ kan bá bi mí léèrè ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní rán an lọ sí ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ. Ìsàlẹ̀ Èkó ni n ó rán an, sí àwọn agbo ilé ẹbí tí ìwé wọn ti gbó mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, tàbí tí kò ní ìwé kankan àfi ohun tí olórí ẹbí mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àgbà mọ ààlà, kò lè yà á, ọ̀dọ́ lè yà á, kò mọ̀ ọ́n. Kí ó jókòó ti bàbá náà lórí ẹní, kí ó jẹ́ kí ó sọ tán, kí wọ́n jọ rìn yí ilé ká pẹ̀lú àwọn aládùúgbò méjèèjì lójú, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wà níbẹ̀ nísinsìnyí, láti Ìdúmàgbò dé Ọ̀fìn, àwọn bàbá tí wọ́n lè tọ́ka ààlà náà sì ń dín kù lọ́dọọdún.